Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fi Aṣọ Márùn-ún Wé Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ má bi ìyá mi. Ó tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo àlejò tó bá wọ agboolé wa ní Ìlọrin pé tíṣà ni mí, pé àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ níléèwé kan ní àdúgbò Fate. Wọ̀láhì, mi ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Sùúrù tí mo ní ò tó bẹ́ẹ̀. Fídíò orin ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń sọ ibi tí olórin máa dúró sí, ibi tó máa kọjú sí, ìgbà tó máa rẹ́rìn-ín àti ìgbà tó máa fi ọwọ́ nu ojú. Èmi ni mo máa ń sọ fún ẹni tó gbé kámẹ́rà dání pé kó sún mọ́ ọn, kó fà sẹ́yìn, kó dúró jẹ́ẹ́. Dárẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè mí lójú. Àwọn tí mo ti pariwo mọ́ lórí iṣẹ́ ní orúkọ míì tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, mi ò sì ní kọ ìyẹn síbí.

Etí ara mi ni mo fi gbọ́ irọ́ náà. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Mo wà nínú yàrá, mò ń wé ìborí mi, nígbà tí obìnrin kan tó wá kí ìyá mi béèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni àkọ́bí wọn ń ṣe báyìí. Ìyá mi ò tiẹ̀ mí kí wọ́n tó dáhùn. "Ó wà ní Fate, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní A, B, D. Iṣẹ́ ọ̀hún ò rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní láádá." Láádá! Mo fẹ́ jáde kí n sọ pé irọ́ ni, ẹsẹ̀ mi ò gbé e. Ó dùn mí wọ egungun. Ká ní ọ̀tá mi ló sọ ọ́, à bá jọ fà á débi tó bá máa já. Ìyá mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí àlejò, mo bá tèmi lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé òpùrọ́ ni ìyá mi. Obìnrin tó ń wẹ òkú ni wọ́n. Ní àdúgbò wa, bí obìnrin bá kú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, kéú ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ni, àwọn ọmọ kéú wọn kún ìlú. Ilé tí a ti bí mi nìyẹn. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn nílé. Wọ́n á dé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì ní fẹnu kan oúnjẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣe é ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí ìyá mi bá ti wé òkú dé ọrùn, kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, wọ́n á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Forí jì wá o, bí ọwọ́ wa bá le mọ́ ọ." Ì báà jẹ́ ìyá olóúnjẹ, ì báà jẹ́ ìyàwó ẹni ńlá, kò sí ẹni tí wọn kì í tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìjà èmi pẹ̀lú wọn lórí fídíò ti pẹ́. Orin ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń yà ní Ìlọrin, orin àwọn Àlájà tó ń kọ wákà àti àwọn ọkùnrin tó ń fi orin ṣe wàásù. Mo máa ń sọ fún ìyá mi pé, "Orin Ọlọ́run ni, Ìyá."

"Ọlọ́run ló ní kí ẹ máa gbé ojú obìnrin kiri inú fóònù?"

"Wọ́n bo orí wọn dáadáa!"

"Ojú ni mo wí. Mi ò pe orí."

Bí a ṣe máa ń parí ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní kí n lọ jẹun.

Àṣìṣe tó kó mi sí wàhálà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Olórin kan gbé orin wá nípa ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo ní màá fi òkú obìnrin náà hàn, kí ó má jẹ́ pé ọkùnrin náà kàn ń sunkún lábẹ́ igi bí gbogbo àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Mo ra aṣọ funfun, mo gé e sí mẹ́ta, a tẹ́ ẹ, a wé obìnrin tó ń ṣe òkú náà, ìmọ́lẹ̀ bà lé e lára, ó sì dára débi pé mo gbàgbé láti mí. Ibi tí mo ti rí i ni ìgbà tí bàbá mi kú. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo ka aṣọ tí wọ́n kó wọlé, mẹ́ta ni. Mẹ́ta yẹn ló dúró sórí mi. Fídíò jáde. Kò pé ọjọ́ méjì tí ohùn àlùfáà kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti fóònù sí fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń béèrè pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìyàwó ni wọ́n sin nínú fídíò yìí àbí ọkọ?" Ọmọ kéú tí ò tíì mọ ìdí ẹ̀ nù dáadáa mọ̀ pé aṣọ mẹ́ta ni ti ọkùnrin, márùn-ún ni ti obìnrin: ìró, ẹ̀wù, ìborí, àti aṣọ méjì tí wọ́n fi ń wé gbogbo ara. Èmi ọmọ ẹni tó ń wẹ òkú, èmi ni mo wé obìnrin bí ọkùnrin. Ìtìjú náà pọ̀. Mi ò gbé fóònù fún odidi ọjọ́ kan.

Ìyá mi ránṣẹ́ pè mí. Ẹnì kan ti fi ohùn àlùfáà náà hàn wọ́n. Wọn ò kí mi, wọn ò ní kí n jókòó.

"Ta ló ka aṣọ yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Aṣọ mẹ́ta," ni wọ́n sọ, wọ́n sì wọlé lọ.

Nǹkan bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Àlájà kan wá bá mi. Àgbà nínú olórin wákà ni, ohùn wọn ti ń gbẹ díẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kú tán. Wọ́n ti kọ orin kan nípa ikú obìnrin, láti ìgbà tí ẹ̀mí bá jáde títí wọ́n á fi gbé e jáde nílé, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn obìnrin fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n ní, "Èyí tí o ṣe ọjọ́sí yẹn, mo sunkún nígbà tí mo wò ó. Ìgbà tí mo ka aṣọ, mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi tèmi rẹ́rìn-ín. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó dúró tì ọ́."

Ta ni mo tún mọ̀? Mo lọ bá ìyá mi. Wọ́n ní ikú kì í ṣe eré. Mo tún padà lọ, mo mú Àlájà fúnra wọn dání. Ìyá mi kí wọn dáadáa, wọ́n fún wọn lómi, wọ́n ṣàdúà fún wọn, wọ́n sì ní àwọn ò lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi nìkan ni mo lọ, inú sì ti ń bí mi láti ilé. Kì í ṣe ti fídíò nìkan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìyá mi wá sí ibi iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n dúró níbẹ̀ kí wọ́n rí mi, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ìyá ẹni. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì fẹ́ kọ́ mi. Bí mo bá tún ṣì í, ẹ má pè mí wá béèrè ta ló ka aṣọ."

"Ṣé o ti sọ̀rọ̀ tán?"

"Mo ti sọ tán. Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ, àwọn ọmọ iléèwé mi ń dúró dè mí ní Fate."

Ó já bọ́ lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e padà. Ìyá mi ń tú ìkọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n ń dè é padà, wọ́n ń tú u. Mo jáde láì dágbére. Inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi pè mí. Ó ní Ìyá ní àwọn máa wá, ṣùgbọ́n kí n gbọ́ àdéhùn. Ojú wọn ò gbọdọ̀ hàn. Wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n kàn máa jókòó, wọ́n á máa sọ ohun tí a bá ṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé ta ni wọ́n, kí n ní ìyá kan ni.

"Ìyá ta?" ni mo bi àbúrò mi.

"Ìyá kan," ló dáhùn. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Má bá mi jà o, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Òkè-Oyì, lẹ́yìn ìlú, la lọ. Mo ti wo ilé kan níbẹ̀, ilé amọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń gbin àgbàdo, yàrá rẹ̀ ní fèrèsé kan ṣoṣo. Láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀, oòrùn máa ń gba ojú fèrèsé yẹn wọlé, á sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹní tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti di mọ́kànlá kọjá, ó tán nìyẹn. Nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ṣe yan ilé náà. A wọ kórópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré, láti ìlú: èmi, Àlájà, àwọn obìnrin méjì tó ń gbe orin fún wọn, ẹni tó máa ṣe òkú, ọkùnrin tó ń ya kámẹ́rà fún mi, ọmọkùnrin tó ń mójú tó sípíkà, àti ìyá mi níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àpò kan lórí itan wọn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni mo mọ ohun tó wà nínú àpò ọ̀hún. Wọ́n ti ra aṣọ fúnra wọn, wọ́n ti gé e, wọ́n ti ká a bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. Márùn-ún.

Ojú oko la ti kọ́kọ́ ya Àlájà. Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bí a bá fẹ́ kí olórin máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú omi, kí ẹnu rẹ̀ sì bá orin mu, a máa ń jẹ́ kí orin náà sáré, ká fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Olórin á máa fi ẹnu sáré tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà a máa fa àwòrán gùn, orin á padà sí bó ṣe yẹ kó rí, ara olórin á sì máa rìn bí ẹni tí ayé ò kán lójú. Àmọ́ níbi tí a ti ń yà á, yẹ̀yẹ́ gbáà ni. Orin ikú ń jáde nínú sípíkà bí ohùn ẹyẹ ẹ̀ga, Àlájà àti àwọn obìnrin wọn ń jẹnu wuyẹwuyẹ láàárín àgbàdo. Ìyá mi wo gbogbo wọn.

"Ṣé orí wọn pé ṣá?" ni wọ́n bi mí.

Mo pè wọ́n wá síbi tẹlifíṣọ̀n kékeré tí a fi ń wo ohun tí kámẹ́rà bá ti gbà. Mo fà á gùn fún wọn. Àlájà jáde láàárín àgbàdo, ìborí wọn gbé sókè nínú atẹ́gùn, ó sì pẹ́ lókè kó tó balẹ̀, ojú wọn rọ̀, ewé àgbàdo ń yà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi dúró, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"Hẹn-ẹn," ni wọ́n sọ. Mi ò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó mi láti jẹ.

Ìgbà tí a wọ yàrá ni wàhálà dé. A tẹ́ ẹní, ìyá mi jókòó sórí àga ní kọ́ọ̀nà, wọ́n tú àpò, wọ́n to aṣọ sílẹ̀, wọ́n gbé káfúrà tí wọ́n fi ń mú òkú ta sánsán sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó máa ṣe òkú wo àwọn aṣọ náà, ó wo ìyá mi, ó wo ẹní. Ó ní òun fẹ́ pe ọkọ òun. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó padà wọlé, kò wo ojú mi.

"Àǹtí, ọkọ mi ní kò sí ohun tó jọ ọ́."

"Ṣé ọkọ ẹ ò mọ̀ látàná ni?"

"Ó rò pé mo kàn máa dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé aṣọ òkú gidi ni, tí ẹni tó ń wé òkú gidi sì jókòó tì í..."

Mo pariwo. Mo sọ ohun tí mo sọ. Ó gun ọ̀kadà padà sí ìlú, kò sì jẹ̀bi lójú tèmi lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣépè fún ọ̀kadà náà lọ́jọ́ yẹn. Mo wo àwọn obìnrin tó ń gbe orin fún Àlájà. Àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Oòrùn ti dé àárín ẹní. Ó ku bí ìdajì wákàtí.

"Èmi ni màá dùbúlẹ̀," ni mo sọ.

Ọkùnrin kámẹ́rà wò mí. "Dárẹ́kítọ̀, ta wá ni yóò darí?"

"Ìwọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, máa bọ̀ wá sókè pẹ̀lú ọwọ́ tó bá ń wé mi. Ọwọ́ nìkan, má gbé e dé ojú ẹnikẹ́ni. Má dá a dúró, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, àfi bí mo bá dìde fúnra mi."

"Rárá," ni ohùn ìyá mi wí láti kọ́ọ̀nà. "Kì í ṣe ìwọ."

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo ní ẹ̀wù tínrín àti ìborí lára, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo na ẹsẹ̀, mo di ojú. Mo ní kí àwọn obìnrin méjì náà máa wé mi, kí wọ́n máa ṣe bí ìyá yẹn bá ṣe sọ. Orin Àlájà ń lọ nínú sípíkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan fa ìró náà gba abẹ́ ìdí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi dànù. Èkejì ju ìborí sí mi lójú nígbà tí ẹ̀wù ò tíì wọlé. Wọ́n ń fà mí síhìn-ín, wọ́n ń fà mí sọ́hùn-ún.

"Ẹ yọwọ́ yín lára ọmọ mi!"

Mo la ojú. Ìyá mi ti dìde lórí àga, wọ́n ti ń ká apá ẹ̀wù wọn sókè. Ẹni tó ní kí wọ́n máa pe òun ní ìyá kan. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n nù ún, wọ́n sì yíjú sí ẹni tó wà nídìí sípíkà.

"Ẹ pa orin yẹn. Ẹ pa gbogbo ẹ̀."

Ó pa á. Mo tún ojú mi dì. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mò ń ronú ikú. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń rò. Mò ń rò pé ó ti máa dé orúnkún mi báyìí, pé ṣé ọkùnrin yìí rántí láti rẹ kámẹ́rà sílẹ̀, pé kó má lọ gbé òjìji ara rẹ̀ sórí aṣọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi kò jẹ́ kí n rò ó dénú. Ọwọ́ náà ò yára, kò sì falẹ̀. Wọ́n gbé ìbàdí mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ìró ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀. Wọ́n tọ́ apá mi sínú ẹ̀wù. Wọ́n tún ìborí dì lé èyí tó wà lórí mi, wọ́n ń tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, òórùn káfúrà wọ̀ mí nímú. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá mi ti fọwọ́ kàn mí báyẹn kẹ́yìn. Aṣọ kẹrin. Aṣọ karùn-ún. Wọ́n wé apá òsì, wọ́n wé apá ọ̀tún lé e, ó dé ọrùn mi.

Ọwọ́ náà sì dúró.

Mo mọ̀ pé ojú mi ló kù. Mò ń retí kí aṣọ bò ó. Dípò bẹ́ẹ̀ mo gbọ́ èémí ìyá mi létí mi, ó gbóná.

"Ọmọ mi, forí jì mí." Wọ́n rọ ohùn sílẹ̀ gan-an. "Mò ń fi ọ́ purọ́ fáyé. Ẹnu àwọn èèyàn ni mò ń bẹ̀rù. Kì í ṣe pé ojú rẹ tì mí. Forí jì mí."

Wọ́n dúró. Mo mọ̀ dájú pé wọ́n dúró, nítorí èémí yẹn ò kúrò létí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọdún mẹ́fà dúró dè nìyẹn. Ohun tó kù ni kí n ya ẹnu. Omi kan kán sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ṣàn lọ sí ọrùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nígbà náà, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́: mo rò pé ọwọ́ wọn á ti máa gbọ̀n báyìí lórí aṣọ náà, nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, pé kò sí òṣèré tí mo lè sọ fún pé kó gbọ̀n bẹ́ẹ̀, àti pé bí mo bá mi ètè báyìí, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́.

Mi ò mira. Mo ṣe òkú.

Ìyá mi tún dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bo ojú mi.

Mo ka ogún nínú aṣọ náà kí n tó dìde. Àlájà ń sunkún ní ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin wọn ń sunkún, ọkùnrin kámẹ́rà, ọkùnrin tó ti níyàwó, ń fi èjìká nu ojú. "Dárẹ́kítọ̀," ló ń sọ, "mi ò rí irú ẹ̀ rí." Mo já ara mi gbà nínú aṣọ, mo sì sáré. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni mo sáré lọ. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní kó dá a padà, mo tún un wò. Ìgbà tí mo máa rántí ìyá mi, wọ́n ti fọ ọwọ́ tán nídìí ìkòkò omi àgbẹ̀ náà, wọ́n ti padà jókòó níwájú kórópe, àpò tó ti ṣófo lórí itan wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun." Wọ́n ní kò tọ́pẹ́.

Ìtòsí Ọ̀fà Garage ni yàrá tí mo ti ń to fídíò pọ̀ wà. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwọn agbèrò ń pariwo lábẹ́ fèrèsé mi, Àjàṣẹ́, Ọ̀fà, ó ku ẹnì kan, mo sì fi ohun tí ń gbé ohùn sétí. Kámẹ́rà ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá mi. Kò ròkè, ṣùgbọ́n ó yé. Lẹ́yìn "forí jì mí" ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀. Àwòrán fi ọwọ́ wọn hàn nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí ìṣẹ́po aṣọ, ó ń dúró dè mí. Ó jẹ́ ohun tó dára jù tí mo tíì yà láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo gbé orin Àlájà lé e, ohùn ìyá mi sì wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó jáde, kò sí ibi tí wọn ò ti wò ó. Ìyàwó ilé, ọmọ ilé kéú àgbà, àwọn ìyá níbi àdúrà àsàlátù. Àlùfáà tó fi mí rẹ́rìn-ín tún gba ohùn sílẹ̀, ó ka aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní márùn-ún pé pérépéré, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni pé, òṣèré wo ni mo mú tó ní irú ọwọ́ yẹn?

Àlàáfíà wà láàárín èmi àti ìyá mi, ṣùgbọ́n mi ò dé ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí mo dé níkẹyìn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọ́n ti wo fídíò náà lórí fóònù àbúrò mi. Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa á. A ṣa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ọjọ́ yẹn," ni wọ́n sọ, wọn ò gbé ojú sókè, "ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Ìyá."

"O ò dáhùn."

Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa. "Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, Ìyá."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Wọ́n he òkúta kékeré kan nínú ẹ̀wà, wọ́n sọ ọ́ nù.

"Àwọn tí mo máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn náà kì í dáhùn," ni wọ́n wí. "Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bí wọn."

Mo gbé àtẹ kúrò láàárín wa, mo kúnlẹ̀. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Mo ní mo ti forí jì wọ́n, pé látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ni mo ti forí jì wọ́n, pé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n jù, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n forí jì mí, mo jẹ́ kí wọ́n dúró...

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá mi fi dá mi lóhùn pé, "Mo forí jì ọ́."